Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọ́kíìdì Onísálúbàtà Tí Òdòdó Rẹ̀ Ń Yí Padà Lójú Ẹni

Lẹ́tà tí ó wọlé sí òpó yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò kéré, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn: òdòdó tí ènìyàn rí lọ́jọ́ tí ó là kọ́ ni ó rí lọ́sẹ̀ kejì, èyí tí ó sì rí lọ́dún yìí kọ́ ni yóò rí lọ́dún tí ń bọ̀. Fún àǹfààní ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé, ọ́kíìdì onísálúbàtà ni àwọn ọ́kíìdì tí ọ̀kan nínú ewé òdòdó wọn ká bí àpò, tàbí bí orí sálúbàtà. Méjì tí a sábà máa ń gbìn sínú ìkòkò ni Paphiopedilum, tí ilẹ̀ Éṣíà jẹ́ orírun rẹ̀, àti Phragmipedium, tí ó wá láti Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Nínú ìdáhùn mi, "ewé òkè" ni n ó máa pe ewé òdòdó tí ó nà ró lókè bí gèlè tí a wé, "apá" ni àwọn méjì tí ó nà sí ọ̀tún àti òsì, "àpò" sì ni sálúbàtà fúnra rẹ̀. "Àdàpọ̀" ni ọmọ tí a bí láti inú irú ọ́kíìdì méjì tí a so pọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ọmọ Paphiopedilum kan, irú àdàpọ̀ tí òdòdó rẹ̀ máa ń tóbi róbótó, mo sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí ó tó rudi. Nígbà tí ó là, òdòdó náà kéré, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, apá rẹ̀ kan sì kákò. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ní kí n dà á nù, kí n fi àyè rẹ̀ gbé òmíràn kalẹ̀. Ṣé kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Ìdì ewé kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀gbìn yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni í yọ òdòdó láyé rẹ̀. Bí ó bá ti yọ ọ́ tán, ọmọ tí ó hù ní ìdí rẹ̀ ni yóò yọ èyí tí ó kàn, ìyá náà yóò sì máa bọ́ ọmọ fún ọdún mélòó kan kí ó tó rọ. Ẹ wá wò ó báyìí: ìdì ewé tí ó kọ́kọ́ yọ òdòdó nínú ìkòkò yín kò ní ìyá tí ń bọ́ ọ. Ewé tirẹ̀ nìkan àti gbòǹgbò tirẹ̀ nìkan ni ó fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ọmọ tí yóò tẹ̀ lé e yóò ní agbára méjì lẹ́yìn, ẹ̀kẹta yóò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí n kì í fi òdòdó àkọ́kọ́ dá ọ̀gbìn lẹ́jọ́, tí mo sì máa ń dúró de ẹ̀kẹta kí n tó sọ pé mo mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àléébù ni sùúrù ń wò sàn, ó sì yẹ kí á ya wọn sọ́tọ̀. Bí òdòdó ṣe tóbi tó, bí apá ṣe fẹ̀ tó, bí ọ̀pá ṣe ga tó, àti iye òdòdó tí ó wà lórí ọ̀pá kan, gbogbo ìwọ̀nyí ni agbára ọ̀gbìn ń mú dára sí i. Àpò tí ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọ̀ tí ó dọ̀tí láti ìbẹ̀rẹ̀, àti ewé òkè tí ó ká sẹ́yìn kí òdòdó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìwọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ ohun tí òbí rẹ̀ fún un, bí ẹ bá sì rí wọn lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ lè fún ẹlòmíràn tí kò bìkítà fún ìdíje ní ọ̀gbìn náà. Ní ti apá tí ó kákò tí ẹ sọ yìí, ẹ kọ́kọ́ wo ewé tí ó wà nítòsí ìrudi náà. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé etí ewé ni ó ti apá òdòdó nígbà tí ó ń là, tàbí pé inú ìkòkò gbẹ lọ́sẹ̀ tí ìrudi ń wú, tàbí pé kòkòrò ti fa omi ara rẹ̀ mu. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gbìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn àdàpọ̀ olódòdó púpọ̀ tún ń fẹ́ sùúrù jù báyìí lọ. Saint Swithin, ọmọ tí Paphiopedilum philippinense àti Paphiopedilum rothschildianum ti Òkè Kinabalu ní ilẹ̀ Malaysia bí, lè lo ọdún 7 sí 10 láti ìgbà tí ó ti wà ní hóró kí ó tó rudi rárá. Nígbà tí ó bá sì rudi, ó lè jẹ́ òdòdó kan tàbí méjì péré ni yóò fi hàn yín. Ọ̀gbìn kan náà, bí ó bá ti lágbára, yóò gbé mẹ́rin tàbí márùn-ún jáde lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Ẹni tí ó dà á nù ní òdòdó àkọ́kọ́ ti fi ọdún mẹ́wàá ṣòfò.

Ibi tí agbára yìí ti ń wá ni gbòǹgbò. Ọ́kíìdì onísálúbàtà kò ní kókó tí ó ń kó omi pa mọ́ sí bí àwọn ọ́kíìdì mìíràn, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì pọ̀: wọ́n nípọn, wọ́n pupa bí ilẹ̀, irun kéékèèké sì bò wọ́n. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí inú ìkòkò gbẹ ráúráú, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi dúró nínú rẹ̀. Èèpo igi tí a gé wẹ́wẹ́, pẹ́láìtì (òkúta funfun fúyẹ́ tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ìkòkò dì) àti èédú díẹ̀ ni mo ń lò, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, tàbí kí ó pẹ́ tó oṣù 18 ó pẹ́ jù. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá àsìkò ti tó, ẹ gbé ìkòkò náà súnmọ́ imú. Èèpo tí ó ṣì dára ń rùn bí inú igbó lẹ́yìn òjò. Èyí tí ó ti jẹrà ń kan, gbòǹgbò inú rẹ̀ sì ti ń kú kí ewé tó sọ fún yín.

Ìbéèrè: Mo kí yín, ẹ̀yin àgbà nídìí òdòdó. Ọjọ́ kẹta tí òdòdó mi là ni mo gbé e lọ síbi ìpàtẹ. Adájọ́ kan wò ó títí, ó ní òdòdó náà kò tíì dé ibi tí ó ń lọ. Nígbà tí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ méjì nílé, ó ti fẹ̀ ju bí mo ṣe gbé e lọ, ó sì dùn mí gan-an. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ọjọ́ tí ó yẹ?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Òótọ́ ni adájọ́ náà sọ, inúure ni ó sì fi sọ ọ́, nítorí àmì tí yóò fún òdòdó tí kò tíì parí ara rẹ̀ kò ní wúlò fún yín. Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ohun tí ó mú kí èmi náà máa fi rúlà wọn òdòdó lójoojúmọ́, ní wákàtí kan náà, láti ọjọ́ tí ó bá ti là nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àdàpọ̀ olódòdó róbótó kan ṣe ń là lójú mi. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ewé òkè ṣì tẹ̀ bo ẹnu àpò bí ìdérí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí díẹ̀. Apá méjèèjì rọ̀ sí ìsàlẹ̀, etí wọn sì rún bí aṣọ tí ènìyàn di mọ́ inú ọwọ́ tí ó wá tú u sílẹ̀. Àwọ̀ ewé tútù ṣì wà lára gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ewé òkè ti dìde dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ká síwájú, àpò sì ti ń dán. Láti ọjọ́ keje lọ ni rírún etí apá yóò máa nà, tí ewé òkè yóò máa tẹ́jú, tí funfun tí ó wà létí rẹ̀ yóò sì mọ́. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi tí ó fi ohun tí ó lé ní sẹ̀ǹtímítà kan fẹ̀ láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní sí ọjọ́ kejìlá. Nígbà tí rúlà bá fi nọ́ńbà kan náà hàn mí fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, mo mọ̀ pé ó ti dé ibi tí ó ń lọ. Irú òdòdó bẹ́ẹ̀ lè wà lórí ọ̀pá fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, nítorí náà kò sí ìdí fún ìkánjú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ewé òkè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ká sẹ́yìn, tí dídán àpò yóò sì ṣá. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó dé ibẹ̀, ẹ ti pẹ́ jù.

Ìran kọ̀ọ̀kan ní ìṣe tirẹ̀. Àwọn ọmọ Paphiopedilum malipoense àti micranthum máa ń là ní kékeré, wọn a sì máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò fi rò pé òdòdó mìíràn ni ẹnì kan wá gbé síbẹ̀. Àwọn ọmọ rothschildianum ń là lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá lọ sókè. Ẹ dúró títí èyí tí ó wà lókè pátápátá yóò fi là tí yóò sì nà tán, nítorí ìrudi kan tí kò tíì là lè ba ẹwà gbogbo ọ̀pá náà jẹ́. Ní ti àwọn ọmọ Paphiopedilum sanderianum ti Sarawak ní ilẹ̀ Malaysia, èyí tí àwọn ènìyàn tún rí nínú igbó lọ́dún 1978 lẹ́yìn tí ó ti pòórá fún ọ̀pọ̀ ọdún, gígùn apá ni ẹ ń dúró dè. Apá sanderianum fúnra rẹ̀ lè gùn tó 90 sẹ̀ǹtímítà, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ó là ni ó ń gùn bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ti Phragmipedium caudatum: apá rẹ̀ ń gùn sí i lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí òdòdó ti là, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò rẹ̀ sí ibi tí ó ga kí apá náà lè rọ̀ wálẹ̀ láìkan ohunkóhun.

Ohun kan wà nípa Phragmipedium tí ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́kún. Òdòdó Paphiopedilum máa ń rọ lórí ọ̀pá ni, ṣùgbọ́n ti Phragmipedium lè já bọ́ nígbà tí ó ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ọ̀kan tí ó ní òdòdó kan ṣoṣo rìnrìn àjò. Ẹ jẹ́ kí ó ní méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fi òwú dí ààrin wọn nínú ọkọ̀ kí wọn má baà máa gbá ara wọn.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìrudi là, ẹ má yí ìkòkò padà. Ìmọ́lẹ̀ ni òdòdó ń kọjú sí. Nígbà kan, mo yí ọ̀kan padà kí n lè máa rí i dáadáa láti ibi tí mo máa ń jókòó sí, òdòdó náà sì tún yíjú sí fèrèsé, ọrùn rẹ̀ lọ́ bí ọrùn ẹni tí a pè láti ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi rọ. Ọ̀pá tí ẹ bá fẹ́ fi igi tì, ẹ tì í nígbà tí ó ṣì rọ̀, kí ẹ so ó ní ìsàlẹ̀ ọrùn òdòdó. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ́ apá rẹ̀ láti mú un fẹ̀: bí òdòdó ṣe nà fúnra rẹ̀ ni adájọ́ ń wọ̀n.

Ìbéèrè: Àdàpọ̀ mi kan pupa dúdú bí wáìnì lọ́dún tó kọjá. Lọ́dún yìí, ọ̀gbìn kan náà, ìkòkò kan náà, àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Ṣé ó ti ń padà sí ìran òbí rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ọ̀gbìn kì í padà bẹ́ẹ̀. Ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìrudi tí ó dàgbà ní àsìkò tí òru tutù díẹ̀ máa ń ní àwọ̀ tí ó jinlẹ̀, èyí tí ó bá sì dàgbà nínú ooru máa ń ṣá. Àwọn ọmọ Phragmipedium besseae, òdòdó pupa tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Peru lọ́dún 1981, ń fi èyí hàn kedere: ọ̀gbìn kan náà lè pupa bí iná ní àsìkò òtútù, kí ó sì ní àwọ̀ ọsàn nígbà ooru. Lẹ́yìn ooru ni ìmọ́lẹ̀. Oòrùn tí ó le ń ṣá àwọ̀ òdòdó tí ó ti là, nítorí náà mo máa ń gbé èyí tí ó bá ti là kúrò níwájú fèrèsé lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Ọjọ́ orí òdòdó náà wà níbẹ̀: bóyá òdòdó ọjọ́ kẹwàá ni ẹ rí lọ́dún tó kọjá, tí ti ọdún yìí sì ti pé ogójì ọjọ́. Ẹ máa ya àwòrán rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lẹ́yìn tí ó là, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà, kí ẹ sì kọ déètì sí i. Láìsí èyí, ìrántí nìkan ni ẹ ń fi wé òdòdó, ìrántí a sì máa kun ohun tí a fẹ́ràn.

Ìbéèrè: Ẹni tí mo ra ọ̀gbìn lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé Maudiae ni, àti pé ó ti gba àmì ẹ̀yẹ. Ṣé mo lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀ níbi ìpàtẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lára àkọlé rẹ̀. Maudiae ni orúkọ gbogbo ọmọ tí ó bá ti inú Paphiopedilum callosum àti lawrenceanum jáde, ẹnikẹ́ni tí ì báà so wọ́n pọ̀, ìgbàkígbà tí ì báà jẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, wọn kò sì jọra: òmíràn ní àwọ̀ ewé àti funfun nìkan, òmíràn pupa débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Àmì ẹ̀yẹ kì í ṣe ti ìdílé yìí. Ọ̀gbìn kan ṣoṣo ni a ń fún, ọ̀gbìn náà yóò sì ní orúkọ tirẹ̀ tí a kọ sáàárín àmì àyọlò kékeré méjì lẹ́yìn orúkọ ìdílé. Bí ohun tí ẹ rà bá jẹ́ èyí tí a pín lára ọ̀gbìn náà gan-an, orúkọ náà àti àmì rẹ̀ bá a dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ó ti inú hóró rẹ̀ hù, kò jogún rẹ̀, bí òbí méjèèjì tilẹ̀ gba ẹ̀yẹ. Ó ń bí mi nínú bí àwọn kan ṣe ń ta ọmọ ní owó ìyá.

Ìtàn orúkọ wọ̀nyí gùn, mo sì nífẹ̀ẹ́ sí i. Lọ́dún 1869 ni àdàpọ̀ Paphiopedilum àkọ́kọ́ tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe, Harrisianum, di mímọ̀. John Dominy ni ó ṣe é fún ilé ọ̀gbìn Veitch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí rẹ̀ sì ni villosum àti barbatum. Láti ọdún 1961, Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn olùgbìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn ọ́kíìdì àdàpọ̀ fún gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ American Orchid Society ní tirẹ̀ ń fi máàkì 100 dá òdòdó lẹ́jọ́: 75 sí 79 ń gba HCC (Highly Commended Certificate), 80 sí 89 ń gba AM (Award of Merit), 90 sókè sì ń gba FCC (First Class Certificate), èyí tí ó ga jù. Bí ẹ bá rí irú lẹ́tà wọ̀nyí lára àkọlé láìsí orúkọ ọ̀gbìn níwájú wọn, ẹ béèrè ìbéèrè. Bí ọ̀gbìn náà bá sì fẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè wá, ẹ rántí pé Paphiopedilum àti Phragmipedium wà nínú Àfikún Kìn-ín-ní ti CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ọ̀gbìn tí ó wà nínú ewu, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé kí ó tó kọjá ẹnubodè.

Ìbéèrè: Paphiopedilum Pinocchio mi ti ń yọ òdòdó láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ọ̀kan ń já, òmíràn ń là. Àwọn tí ó ń là báyìí kéré ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ṣé kí n gé ọ̀pá náà?

Ìdáhùn: Ọmọ primulinum àti glaucophyllum ni Pinocchio, bí ìran rẹ̀ sì ṣe rí nìyẹn: òdòdó kan lẹ́yìn òmíràn, nígbà mìíràn fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Ó dára kí ẹ mọ̀ pé òdòdó kejì títí dé ìkarùn-ún ni ó sábà máa ń dára jù lórí ọ̀pá rẹ̀. Àwọn ni kí ẹ gbé lọ síbi ìpàtẹ. Kíkéré tí òdòdó ń kéré lè jẹ́ àárẹ̀ ọ̀gbìn, ó sì lè jẹ́ pé èèpo inú ìkòkò ti gbó láàárín oṣù mẹ́jọ yìí, nígbà tí ẹ̀rù ń bà yín láti fọwọ́ kàn án nítorí òdòdó. Ẹ wo orí ọ̀pá náà dáadáa. Bí ó bá ṣì tutù, tí ìrudi kékeré mìíràn sì wà lẹ́yìn ewé tí ó bò ó, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ máa fún un ní ajílẹ̀ tí a pò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ewé ọ̀gbìn náà bá ti ń rọ̀, tí kò sì sí ọmọ kankan tí ó ń hù ní ìdí rẹ̀, ẹ gé ọ̀pá náà lónìí pẹ̀lú ọ̀bẹ tí ẹ ti fi iná sun ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ èèpo ìkòkò lọ́sẹ̀ yìí kan náà. Láàárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín lẹ́yìn náà, kí omi tí ó bá dúró sáàárín ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.